Góòlù 54 tí Zach Hyman gbá: tirẹ̀ ni, àbí ti McDavid?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Òkè-Fìà ní Òṣogbo níbí ni mò ń gbé. Àbúrò mi tó wà ní Edmonton ní Canada ló kó gbogbo ẹbí sínú eré kan: kí sáà líìgì họ́kì orí yìnyín ti NHL tó bẹ̀rẹ̀, kálukú á mú àwọn eléré tirẹ̀, góòlù àti páàsì tí wọ́n bá ṣe la ó fi ka máàkì. Lọ́dún 2024 mo sáré mú Zach Hyman, wíńgà Edmonton Oilers, torí pé góòlù 54 ló gbá ní sáà tó ṣáájú. 27 péré ló gbá fún mi. Àbúrò mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní Connor McDavid, ìràwọ̀ tí wọ́n jọ wà ní Oilers, ló ń gbé e, pé Hyman fúnra rẹ̀ ò mọ nǹkan kan. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Báwo lèèyàn ṣe ń dá wíńgà tó mọṣẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé?

ÌDÁHÙN: Àbúrò yín ò parọ́, àmọ́ ìdajì òótọ́ ló sọ. Hyman mọṣẹ́. Ohun tí ẹ mú lọ́dún 2024 kì í ṣe Hyman nìkan. Ẹ mú àyè tí wọ́n fi í sí mọ́ ọn, ìyẹn McDavid lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ipò iwájú ilé nígbà power play, ìyẹn ìgbà tí ikọ̀ kejì bá ku èèyàn kan nítorí ìyà. Góòlù máa ń tẹ̀ lé àyè ju bó ṣe ń tẹ̀ lé orúkọ lọ. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni pé: àyè yìí, ta ló ni ín, ṣé yóò sì ṣì wà bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀?

Ẹ jẹ́ kí n tètè ṣàlàyé eré náà fún àwọn tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò. Eléré 5 àti aṣọ́lé kan ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń ní lórí yìnyín: ẹlẹ́yìn 2, ará iwájú 3. Nínú àwọn mẹ́ta iwájú, ẹni àárín ni sẹ́ńtà, àwọn méjì ẹ̀gbẹ́ ni wíńgà. Àwọn mẹ́ta yìí ni láìnì kan, ikọ̀ kan sì ń ní láìnì 4. Wọn kì í pẹ́ lórí yìnyín. Bí wọ́n bá ti sá eré fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 45, wọ́n á fò padà sórí bẹ́ńṣì, àwọn mìíràn á fò wọlé, eré ò sì ní dúró dè wọ́n. Ìṣẹ́jú 60 ni gbogbo eré náà. Wíńgà láìnì àkọ́kọ́ lè gba bí 18 sí 20 nínú rẹ̀. Ti láìnì kẹrin lè má ju 8 sí 10 lọ. Kóòṣì ló ń pín in. Kí eléré tó fọwọ́ kan pọ́ọ̀kì, rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lé kiri yẹn, ẹnì kan ti pinnu iye ìgbà tí yóò lè gbá a.

Mo bẹ ọkùnrin kan tó ni ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní apá Ọlá-Ìyá nígbà kan pé kó gbé e sí i fún mi. Ó gbé e sí i lóòótọ́, àmọ́ kò tíì pẹ́ rárá tí àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ fi ní àwọn ò rí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá, kó dá àwọn padà sí Chelsea. N ò bá wọn jà. Pọ́ọ̀kì máa ń sáré ju ojú lọ fún ẹni tí kò tíì mọ́ lára. Ẹ má wo pọ́ọ̀kì, ẹ máa wo àwọn èèyàn.

Ó yá, power play. Bí eléré kan bá ṣẹ̀, wọ́n á ní kó lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fún ìṣẹ́jú 2. Ikọ̀ rẹ̀ á ku eléré 4 lórí yìnyín, ikọ̀ kejì á ní 5. Bí ikọ̀ kejì bá gbá góòlù wọlé láàárín ìṣẹ́jú 2 yẹn, ìyà ti parí nìyẹn, ẹni tó jókòó á wọlé padà. (Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ní ti tirẹ̀, ìṣẹ́jú 5 ni, góòlù kì í sì í gé e kúrú.) Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ní ẹgbẹ́ power play méjì. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣẹ́jú 2 náà. Ẹgbẹ́ kejì ń wọlé nígbà tí ó bá ti ku díẹ̀, tí gbogbo ẹsẹ̀ ti rẹ̀, tí ìyà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì yìí lè tó góòlù mẹ́wàá lọ́dún fún wíńgà kan ṣoṣo.

Ẹ fi bọ́ọ̀lù wa wò ó. Bí mo bá sọ fún yín pé straika kan gbá góòlù 20 lọ́dún tó kọjá, tí mo wá fi kún un pé penariti ni 8 nínú rẹ̀, ẹ ò ní bi mí bóyá òun ni yóò máa gbá penariti ní kọ́lọ́ọ̀bù tuntun tó ń lọ? Ẹ ó bi mí. Ẹ ò kàn bi í nípa Hyman ni.

Lọ́dún 2022-23, power play Edmonton gbá góòlù nínú 32.4 nínú ọgọ́rùn-ún àǹfààní tí wọ́n ní. Kò sí ikọ̀ kankan nínú ìtàn NHL tó ṣe é rí, 31.9 tí Montreal ṣe ní 1977-78 ló ga jù tẹ́lẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dúró. Ẹlẹ́yìn kan wà lókè, níbi ìlà búlúù tó jìnnà sí ilé. Evan Bouchard ló di ẹni náà. Àwọn mẹ́ta na ara wọn kọjá láàárín: Connor McDavid, Ryan Nugent-Hopkins, àti Leon Draisaitl ní apá ọ̀tún. Ẹnì kan dúró gangan níwájú aṣọ́lé. Ẹni yẹn ni Hyman.

Àwọn 4 tó ń dènà ò lè mú èèyàn 5. Wọ́n gbọ́dọ̀ yan. Bí wọ́n bá sún mọ́ McDavid, á fi pọ́ọ̀kì ránṣẹ́ sí Draisaitl, tí í gbá a lójú ẹsẹ̀ láìdá a dúró. Góòlù power play 32 ló gbá lọ́dún yẹn nìkan, ó ku 2 kó bá 34 tí Tim Kerr ti Philadelphia gbá ní 1985-86. Bí wọ́n bá lọ dí Draisaitl, McDavid á gba inú wọlé. Gbogbo ojú wà lára àwọn méjèèjì. Ta ló wá kù fún Hyman? Ẹnì kan péré, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ sí ẹnì kankan.

Àmọ́ kí ẹ tó fi èyí dá àbúrò yín láre, ẹ lọ wá fídíò kan, kí ẹ má wo ibòmíràn ju iwájú ilé. Hyman á kọ ẹ̀yìn sí aṣọ́lé, á dí i lójú pátápátá. Ẹlẹ́yìn ikọ̀ kejì á fi ọ̀pá gún un ní ìbàdí, á tì í, á tún tì í. Yóò kàn fẹsẹ̀ rìn ní ìṣísẹ̀ kan, á tún padà sí ojú ibẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹnu ọ̀pá rẹ̀ ò kúrò lórí yìnyín. Bí Bouchard bá gbá a láti òkè, Hyman lè fi ọ̀pá kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ kó yí ọ̀nà padà. Bí aṣọ́lé bá fi ẹsẹ̀ tì í jáde, Hyman ló máa kọ́kọ́ yípo, tí yóò sì tì í wọlé láti ibi tí kò jìnnà ju ìgbésẹ̀ méjì lọ. Góòlù tí kò dùn-ún wò ni. Iṣẹ́ tó ń dun èèyàn lára ni pẹ̀lú, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n ṣe tó o ò pọ̀. Ní ìdíje àṣekágbá ọdún 2024, ìyẹn playoff tí àwọn ikọ̀ tó ṣe dáadáa jù ń gbá lẹ́yìn sáà, góòlù 16 ló gbá, kò sẹ́ni tó gbá tó o.

Ẹ̀rí tí n ó fi sọ pé ọ̀rọ̀ McDavid nìkan ò tó nìyí. Kí Hyman tó dé Edmonton lọ́dún 2021, Toronto ló wà. Ta ni wọ́n jọ ń gbá a níbẹ̀? Auston Matthews, Mitch Marner, John Tavares. Kì í ṣe àwọn ọmọdé. Síbẹ̀, góòlù tó pọ̀ jù tó gbá ní Toronto ní sáà kan ni 21, ó sì ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní àwọn ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àmọ́ iwájú ilé lórí power play àkọ́kọ́ kì í sábà jẹ́ tirẹ̀. Dídènà nígbà tí Toronto bá ku èèyàn 4 ni wọ́n ń lò ó fún jù. Edmonton gbé e síwájú ilé: 27, 36, 54. Bí ẹnì kan bá sọ pé aládùúgbò rere nìkan ló ń sọ wíńgà di nǹkan, ó yẹ kí aládùúgbò Toronto ti sọ òun náà di nǹkan.

Kí ló wá dé ní 2024-25? Ẹ kọ́kọ́ yọ ti àìlera kúrò: ìdíje 80 ló gbá lọ́dún 54 yẹn, 73 ló gbá lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Èyí tó tóbi jù lọ ni ìdá tó ń wọlé. Lọ́dún 54, nínú gbogbo 100 tó bá gbá sójú ilé, bí 18 sí 19 ló wọlé. Fún ará iwájú lásán nínú NHL, nǹkan bíi 10 sí 12 ni. Ẹni tó ń gbá a níwájú aṣọ́lé yẹ kó ju ìyẹn lọ, torí ibi tó ti ń gbá a sún mọ́lé, àmọ́ 18 kì í sábà dúró fún ọdún méjì léra. Power play Edmonton náà sì ti wálẹ̀ kúrò níbi 32.4 yẹn. Ẹ mú un lọ́dún tí ohun gbogbo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé òkè tán. Bí ẹ bá ti rí wíńgà tí góòlù rẹ̀ fò sókè lójijì, ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ wò nìyẹn: ṣé ó ń gbá a sílé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni, àbí iye kan náà ló ń gbá, tó kàn ń wọlé? Èyí tó ń gbá a ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni kí ẹ fọkàn tán.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n jọ wà lórí láìnì kan ló kù, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, torí ibẹ̀ ni àbúrò yín ti ní ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ gbọ́ ìtàn Jeff Skinner. Lọ́dún 2018-19 ní Buffalo, Jack Eichel ni sẹ́ńtà rẹ̀, ó sì gbá góòlù 40. Inú Buffalo dùn, wọ́n fún un ní àdéhùn ọdún 8, mílíọ̀nù 72 dọ́là. Kóòṣì tuntun dé, Ralph Krueger, ó yà á kúrò lọ́dọ̀ Eichel, ó kó o sí àwọn láìnì ìsàlẹ̀. Góòlù 14 ní ìdíje 59. Ọdún tó tẹ̀ lé e, góòlù 7 ní ìdíje 53. Mílíọ̀nù 9 dọ́là lọ́dún fún góòlù 7! Gbogbo ayé ní ó ti tán. Ní oṣù kẹta ọdún 2021 wọ́n lé Krueger, Don Granato gba iṣẹ́, Skinner bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Tage Thompson: góòlù 33, lẹ́yìn náà 35. Ọkùnrin kan náà ni. Ọjọ́ orí rẹ̀ tilẹ̀ ti lọ sí i.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lọ́dún 2024 Buffalo sanwó kúrò nínú àdéhùn náà, Skinner sì lọ sí ibo? Edmonton, lọ́dọ̀ McDavid gan-an. Ẹ ò rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló sáré mú un nínú irú eré ẹbí tiyín yìí. Góòlù 16 ló gbá. Kò sí àyè fún un lórí power play àkọ́kọ́, torí àwọn 5 tí mo kà sílẹ̀ ti jókòó sí i, kò sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ McDavid. Bí ikọ̀ bá dára, ìyẹn ò sọ pé àyè wà. Ẹ ka àwọn tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó yọ̀.

Ọwọ́ tí wọ́n fi ń di ọ̀pá mú náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn èèyàn sì máa ń gbàgbé rẹ̀. Draisaitl ń di ọ̀pá mú ní ọwọ́ òsì, ìdí nìyẹn tó fi dúró lápá ọ̀tún: pọ́ọ̀kì tó bá ti òdìkejì wá á bọ́ sójú ọ̀pá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Alex Ovechkin ti Washington jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún, apá òsì ló ń dúró sí, láti ibẹ̀ ló sì ti kó góòlù power play jọ títí ó fi kọjá 274 ti Dave Andreychuk lọ́dún 2021. Góòlù 895 rẹ̀, èyí tó fi kọjá Wayne Gretzky ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2025, orí power play ló ti wá. Gbogbo aṣọ́lé ló mọ ibi tó máa dúró. Ó ṣì ń wọlé. Nítorí náà, bí wíńgà ọlọ́wọ́ òsì kan bá ń lọ sí ikọ̀ tí ọlọ́wọ́ òsì mìíràn ti ni apá ọ̀tún power play, kò ní rí i gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á fi í sí ibi tí kò mọ́ ọn lára, tàbí sí ẹgbẹ́ kejì.

Ó wà, ẹni tó jẹ́ pé òun ló ń gbé àwọn tó kù. Jarome Iginla nìyẹn, tí Adékúnlé wà nínú orúkọ rẹ̀, ọmọ bàbá Yorùbá, Edmonton àbúrò yín yẹn náà ni wọ́n sì bí i sí. Wíńgà ọ̀tún ni. Lọ́dún 2001-02 ní Calgary, góòlù 52, pọ́íńtì (góòlù pẹ̀lú páàsì) 96. Òun ló gba ipò kìíní nínú méjèèjì ní gbogbo NHL. Ta ni sẹ́ńtà rẹ̀? Craig Conroy, ẹni tí wọ́n mọ̀ fún dídènà ju fífi góòlù síni lẹ́sẹ̀ lọ. Lọ́dún yẹn Conroy náà gbá góòlù 27, ó ní pọ́íńtì 75, kò sì tún débẹ̀ mọ́ láyé rẹ̀. Ikọ̀ náà burú débi pé wọn ò wọ ìdíje àṣekágbá. Ẹ fi ti Conroy wo ti Eichel, kí ẹ sọ fún mi ẹni tó ń gbé ẹnì kejì.

Síbẹ̀ Iginla náà ò ju àyè lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, Calgary gbé e fún Pittsburgh, Pittsburgh sì kó o sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gba pọ́ọ̀kì lápá ọ̀tún, wọ́n ní kó máa fi ẹ̀yìn ọ̀pá gbà á lára ògiri. Nínú ìdíje àṣekágbá, Boston na Pittsburgh ní ẹ̀ẹ̀mẹrin léra, 4 sí 0. Nígbà tí sáà parí, Iginla lọ sí Boston yẹn gan-an, wọ́n dá a padà sápá ọ̀tún pẹ̀lú David Krejci àti Milan Lucic. Góòlù 30, lẹ́ni ọdún 36. Lójú tèmi, ohun tí Pittsburgh ṣe yẹn jẹ́ ìfowóṣòfò.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí láti Òkè-Fìà? Ìkànnì kan wà tó ń jẹ́ Natural Stat Trick, ọ̀fẹ́ ni, dátà tó ń jẹ ò pọ̀. Ẹ ya eré èèyàn 5 sí 5 sọ́tọ̀ kúrò lára power play, ẹ wo góòlù àti páàsì fún ìṣẹ́jú 60 kọ̀ọ̀kan tó fi wà lórí yìnyín, kì í ṣe fún gbogbo sáà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìgbà tí òun àti sẹ́ńtà rẹ̀ jọ wà, kí ẹ wo ìgbà tí òun wà tí sẹ́ńtà kò sí, àti ìgbà tí sẹ́ńtà wà tí òun kò sí. Bí ikọ̀ bá ń gbá pọ́ọ̀kì sílé dáadáa ní ìgbà kejì yẹn, wíńgà mọṣẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá wó lulẹ̀, ẹ ṣọ́ra. Ẹ má ṣe fi ìdíje mẹ́rin márùn-ún pinnu. Ẹ sì rántí pé ìṣẹ́jú tí kò sí lọ́dọ̀ ọ̀gá, àwọn aláìlágbára ni wọ́n sábà máa ń kó tì í, ìyẹn náà lè mú kó dà bí ẹni pé kò mọ nǹkan.

Ní ti páàsì, NHL lè ka ẹni méjì mọ́ góòlù kan: ẹni tó fi í fún ẹni tó gbá a wọlé, àti ẹni tó fi í fún ẹni tó fi í fún un. Ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ gbára lé. Ti ìkejì, èèyàn lè kàn fi ọ̀pá kàn án kó bọ́ sọ́dọ̀ McDavid, kí McDavid sì ṣe gbogbo iṣẹ́.

Ìdíje ilé Edmonton tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 7 alẹ́ lọ́dọ̀ wọn, aago 3 òru ni lọ́dọ̀ wa nígbà òtútù wọn. Ẹ má pa ara yín, bí iná bá tilẹ̀ wà. Àmọ́ fídíò kúkurú tí wọ́n ń gbé sí YouTube láàárọ̀, góòlù nìkan ló ń fi hàn, kì í fi ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí hàn. Ẹ ní kí àbúrò yín, tó kúkú jí, wo nǹkan kan ṣoṣo fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá: nígbà tí rẹfirí bá fọn fèrè tí eléré ikọ̀ kejì ń lọ jókòó, àwọn 5 wo ló kọ́kọ́ fò sórí yìnyín? Orúkọ 5 yẹn tó. Ẹ má sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe fún un.

Ní ti Hyman fúnra rẹ̀: ó ṣèṣe lọ́rùn ọwọ́ ní ìdíje pẹ̀lú Dallas ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, kò sì lè gbá ìpele tó kẹ́yìn nínú àṣekágbá ọdún yẹn. Wíńgà tó ń fi ọ̀pá jìjàkadì níwájú ilé nílò ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Kí ẹ tó tún mú un, ẹ rí i dájú pé iwájú aṣọ́lé lórí power play àkọ́kọ́ ṣì jẹ́ tirẹ̀. Bó bá jẹ́ tirẹ̀, ẹ mú un lẹ́yìn tí àwọn tó kù bá ti mú ẹni mẹ́ta mẹ́rin, ẹ ka bí góòlù 30 sí i lọ́rùn, ẹ gbàgbé 54. Bí wọ́n bá ti fi ẹlòmíràn síbẹ̀, ẹlòmíràn yẹn ni kí ẹ mú, kí ẹ fi Hyman sílẹ̀ fún àbúrò yín.